Ẹ̀rọ CNC ń fín ọnà sí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ kò dọ́gba: níbo ni mo ti ṣìṣe?

Káfíńtà Mọ́níyà béèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ igi, mo kí gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń fi iṣẹ́ káfíńtà jẹun, ṣùgbọ́n kò tíì ju oṣù márùn-ún lọ tí mo ra ẹ̀rọ CNC, ẹ̀rọ ìgégi tí kọ̀ǹpútà ń darí, irú èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní 1325, tí odindi pákó MDF kan (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) lè sùn sórí tábìlì rẹ̀. Mọ́tò tó ń yí bíìtì rẹ̀, ìyẹn irin ẹnu rẹ̀ tó ń gé igi, jẹ́ kílówáàtì 3.

Oníbàárà mi kan gbé iṣẹ́ ilé ìdáná fún mi: ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́rìnlá tí a ó fi MDF oní-mìlímítà 18 ṣe, tí ojú wọn yóò ní ọnà bí ẹní híhun, tí a ó sì fín ọ̀dà funfun sí. Ó tún fẹ́ ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù ńlá méjì tí a ó fi ìrókò ṣe, kí ọnà kan náà wà lójú wọn. Mo ya ọnà náà sórí kọ̀ǹpútà fúnra mi, mo fi bíìtì V onídígírì 90 sẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì ṣètò rẹ̀ kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 6.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ kó ìdààmú bá mi ni pé ìlà apá òsì ilẹ̀kùn tín-ín-rín, ti apá ọ̀tún sì sanra. Nígbà tí mo fi kálípà wọ̀n wọ́n, mo bá 5 lápá òsì, mo bá 7 lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ sì ni lórí kọ̀ǹpútà, ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Mo rò pé bíìtì ni kò dára, mo ra tuntun, ohun kan náà ni òun náà ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, inú àwọn ìlà náà hu irun wúruwùru bí ẹ̀yìn búláńkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo sì fín ọ̀dà sí i, irun náà gan paali, ó ń họ ènìyàn lọ́wọ́. Ibi tí bíìtì bá ti fẹ́ yà ní igun sì ń dúdú bí ẹni pé a fi iná ràn án, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sáré rárá: mìlímítà 900 ní ìṣẹ́jú kan ni mo ní kí ẹ̀rọ máa rìn, mọ́tò sì ń yí ní ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan, torí mo gbà pé iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ kò fẹ́ ìkánjú.

Ti ilẹ̀kùn kẹrin ni kò ṣeé sọ. Ó ku díẹ̀ kí ó parí ni wọ́n mú iná lọ. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ní kí ẹ̀rọ máa bá iṣẹ́ lọ níbi tó dé, àfi bí ó ṣe fi nǹkan bí mìlímítà 3 yà kúrò lójú ìlà tó ti fín tẹ́lẹ̀, tó wá fín òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún dán ègé ìrókò kékeré kan wò kí n tó fọwọ́ kan ojúlówó, etí ọnà rẹ̀ sì ń ṣẹ́ bí ìpékeré.

Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe? Oníbàárà mi kò tíì mọ̀ pé mo ti fi ilẹ̀kùn mẹ́rin ṣòfò, mi ò sì fẹ́ kí ó di mẹ́jọ kí ó tó mọ̀.

Ẹlẹ́rọ Ìkòròdú dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdààmú. Ẹ má tíì ra bíìtì kẹta, nítorí bíìtì yín kò ṣẹ̀ yín. Wíwọ̀n tí ẹ wọn 5 àti 7 yẹn ti dáhùn ìbéèrè yín tán. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Bíìtì V kò dà bí bíìtì olójú gbọọrọ. Bí ẹ bá fi bíìtì gbọọrọ oní-mìlímítà 6 gé ihò, 6 ni ihò náà yóò fẹ̀, ìbáà jinlẹ̀, ìbáà má jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n bíìtì V, jíjìn ni ó ń sọ fífẹ̀. Ti dígírì 90 tí ẹ lò yìí, bí ó bá wọ inú pákó ní mìlímítà 3, ìlà yóò fẹ̀ ní 6. Bí ó bá wọlé ní 2.5, ìlà yóò fẹ̀ ní 5. Bí ó bá wọlé ní 3.5, yóò fẹ̀ ní 7. Àṣìṣe yòówù tó bá wà nínú gíga, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ojú yóò rí nínú fífẹ̀. Ohun tí 5 àti 7 yín ń sọ ni pé ojú pákó yín lápá ọ̀tún fi odindi mìlímítà 1 ga ju ti apá òsì lọ. Ẹ̀rọ ń rìn lójú kan, pákó ni ó ń gùnkè lọ bá a.

Nítorí náà, ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan sẹ́nu mọ́tò, kí ẹ má tan mọ́tò, kí ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí pákó ìtẹ́lẹ̀ tábìlì yín ní ibi mẹ́sàn-án: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti àárín gbùngbùn. Ẹ fi bébà tinrin kan sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí bébà bá ti há díẹ̀ tí kò sì ya, kí ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án yẹn yóò ya àwòrán tábìlì yín fún yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi bíìtì fífẹ̀ tí a fi ń fá ojú pákó fá gbogbo ìtẹ́lẹ̀ náà, kí ẹ máa mú bí 0.3 sí 0.5 kúrò lẹ́ẹ̀kan, títí tí kò ní sí ibi tí bíìtì kò kàn. Ẹ fi pẹ́ńsù ya ìlà gbùràgbùrà sí gbogbo ojú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí pẹ́ńsù bá kù sí ni ó ṣì lọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti fá a tán, ó tún ku MDF fúnra rẹ̀. Pákó tí wọ́n pè ní 18 lè jẹ́ 17.5, òmíràn sì máa ń wú láàárín bí ikùn ọmọ tó yó. Bí ẹ bá fi sukúrúù mú etí rẹ̀ nìkan mọ́lẹ̀, àárín rẹ̀ lè gbéra láìjẹ́ pé ẹ rí i. Orí ojú pákó ni kí ẹ ti mú síírò, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà rẹ̀, kì í ṣe orí tábìlì, kí ẹ sì fi téèpù olójú méjì mú àárín mọ́lẹ̀ bí ẹ̀rọ yín kò bá ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ abẹ́ pákó. Ẹ tún lè lo bíìtì dígírì 60 dípò 90. Ti 60 yìí ń dárí jini: bí gíga bá fi mìlímítà 1 yàtọ̀, fífẹ̀ yóò fi 1.15 péré yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jinlẹ̀ ju 90 lọ. Ìlà oní-mìlímítà 6 yóò wọlé ní 5.2, bí ẹ bá sì ya ìlà oní-mìlímítà 12, yóò wọlé ní 10.4, ilẹ̀kùn oní-mìlímítà 18 yín yóò wá ku bí 7.6 níbẹ̀. Ẹni bá gbá ilẹ̀kùn náà dé tìbínútìbínú lọ́jọ́ kan á là á sí méjì.

Ní ti jíjóná, ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí, ìfararọ tí ẹ rò pé ẹ ń ṣe fún pákó yẹn ni ó ń jó o. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: bíìtì yín ní ojú méjì, ó ń yí ní ìgbà 24,000, nítorí náà ìgbà 48,000 ni ojú rẹ̀ ń kan igi ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá pín 900 sí 48,000, ẹ óò rí i pé ohun tí ojú bíìtì kọ̀ọ̀kan ń mú kúrò kò tó mìlímítà 0.02. Kì í ṣe pé ó ń gé igi, ó kàn ń fi ara ha á, ìhára yẹn ni ó ń di ooru. Ẹ dín yíyí rẹ̀ kù sí 16,000, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rìn ní 3,200. Ojú bíìtì kọ̀ọ̀kan yóò máa mú 0.1 kúrò. Ẹ fọwọ́ pa ohun tó ń jáde wò: bí ó bá dà bí ẹ̀lúbọ́, ẹ ṣì ń jó o, bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ́rún tó ṣeé fi ìka ṣà, ẹ ti débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná tó lọ kò pẹ́ sọ. Nígbà tí iná bá lọ, kò sí ohun tó di àwọn mọ́tò tó ń gbé ẹnu ẹ̀rọ rìn mú mọ́, ọwọ́ lásán lè tì í kúrò níbi tó wà, ẹ̀rọ kò sì ní mọ̀. Bí ẹ̀rọ yín bá ní ibi tó máa ń padà sí gẹ́gẹ́ bí ilé, ẹ máa dá a padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé, kí ó tún ara rẹ̀ kà kí ẹ tó ní kí ó bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá ní in, ẹ lu ihò oní-mìlímítà 6 kan sínú pákó ìtẹ́lẹ̀ ní ibi síírò yín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ihò yẹn ni ẹ ó padà fi ẹnu bíìtì wá. Kí ẹ sì jẹ́ kí ó padà sẹ́yìn ní ìlà díẹ̀ nínú fáìlì àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, kí mọ́tò bíìtì ti máa yí kí ó tó kan igi.

Káfíńtà Mọ́níyà:

Mo dúpẹ́ gan-an, àbúrò. Mo wọn ibi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Igun ọ̀tún níwájú fi 1.1 ga ju òsì lọ, ti ẹ̀yìn fi 0.9 ga jù ú lọ. Nígbà tí mo gbójú sókè ni mo wá rí ohun tó fà á: páànù òrùlé wa ti lu lójú ibẹ̀, òjò ń kán sórí pákó ìtẹ́lẹ̀, MDF ni èmi náà sì fi ṣe é, ó ti mu omi wú. Mo ti lẹ òrùlé, mo ti pààrọ̀ pákó náà, mo sì fá a lánàá. Ìlà ti di 6 níbi gbogbo. Ibi tó ṣe ségesège jù lọ ni mo ti bá 6.1. Jíjóná náà ti tán. Ó ku irun inú MDF àti ìrókò tó ń ṣẹ́.

Ọmọ Oníṣọ̀nà sọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé oníṣọ̀nà ni wọ́n bí mi sí ní ìhà Ìgbómìnà, ọ̀bẹ àti àáké ni mo fi kọ́ iṣẹ́ kí n tó mọ ohun tí ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ mi ni wọ́n ní ẹ̀rọ báyìí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìrókò yẹn, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ìpele mẹ́rin ni àwọn àgbà wa máa ń gbà gbẹ́ igi, olúkúlùkù wọn ló sì ní orúkọ. Èyí àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, tí a ó fi àáké gé igi dé ìrísí ohun tí a fẹ́, láìwo ojú, láìwo imú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlétúnlé, tí a ó ti pín àwọn odidi wọ̀nyẹn sí kéékèèké. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a ó fi ọ̀bẹ mú gbogbo ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni fínfín, tí a ó fi ẹnu ọ̀bẹ mímú fa àwọn ìlà irun, ìlà aṣọ, àti ọnà etí. Ẹ kíyè sí i pé dídán ń ṣáájú fínfín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fín ọnà, tó wá ń dán igi lẹ́yìn rẹ̀, ńṣe ni yóò pa ẹnu ọnà rẹ̀ rẹ́.

Mo sọ èyí nítorí mo rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi pé bí ẹ̀rọ bá ti fín igi tán ni wọ́n máa ń gbé sáńpépà, wọ́n á fi ha orí rẹ̀ títí etí ọnà á fi di róbótó bí etí ọṣẹ tí a ti fi wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìrókò yín, ẹ fi sáńpépà dán an dé ìparí kí ó tó gun orí tábìlì. Ẹ fi sílà, ìyẹn ohun ìkùn tó ń dí ojú igi kí a tó kun ọ̀dà, kun ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó wá fín in. Sílà yóò so àwọn fọ́nrán orí igi pọ̀, bíìtì yóò gé wọn dípò kí ó máa fà wọ́n tu. Lẹ́yìn fínfín, búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni kí ó kàn án.

Ìdí mìíràn tí etí ọnà fi ń ṣẹ́ wà nínú ìrókò fúnra rẹ̀. Iṣan rẹ̀ kì í lọ lójú kan: ipele kan á dorí kọ ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e á dorí kọ òsì, wọ́n á wá kọ́ ara wọn lọ́rùn. Ibi tí ẹnu bíìtì bá ti ń lọ pẹ̀lú iṣan, yóò jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn ìka méjì sí i, ó lè di pé ó ń lòdì sí i. Ẹni tó ń fi ọwọ́ gbẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lára, yóò yí igi náà padà. Ẹ̀rọ kò lára tí yóò fi mọ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ tún ọnà náà yà. Ọnà ẹní híhun tí ẹ ń sọ yìí, ìlà méjì méjì ni ó ń tò pọ̀, òkè tínrín kan sì máa ń kù láàárín ìlà méjì. Ẹ wọn òkè yẹn. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 1, tí ó sì lọ ní ìdábùú iṣan igi, ọwọ́ ọmọdé lásán yóò ṣẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí ó tó 3, pàápàá níbi tí ó bá dábùú. Níbi tí ó bá bá iṣan rìn lóòró, 2 náà á tó.

Ìrókò a sì máa ní òkúta nínú nígbà mìíràn, ohun funfun líle kan bí ẹfun tí igi náà fi ara rẹ̀ dá sínú. Bí bíìtì yín bá ké fíìn lójijì, ẹ dá a dúró kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ má sì fojú kékeré wo eruku rẹ̀, ó ń yún ni lára, ó ń dí ni láyà. Ẹ fi ìbòmú bo imú.

Ìbéèrè tèmi wá ni pé: ìrókò yín gbẹ? Nítorí pákó tí a rà ní ọjà pákó bíi Bódìjà, tí omi ṣì wà lára rẹ̀, bí ẹ bá fín ojú rẹ̀ kan, tí ẹ kò fọwọ́ kan ojú kejì, yóò ká bí ewé nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ẹ má sì fi odindi pákó ṣe ilẹ̀kùn. Ẹ kan férémù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ojú ọnà jókòó sínú kòtò férémù láìsí gọ́ọ̀mù, kí ẹ sì fi àyè mìlímítà 2 tàbí 3 sílẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó lè máa wú, kí ó máa sún kì láìya.

Ìyá Ọlọ́dà sọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀dà fífín ni iṣẹ́ mi, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí ẹ̀yin káfíńtà bá sì ti bàjẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni ẹ máa ń gbé wọn wá kí n fi ọ̀dà bo ìtìjú yín. Mo bá Bàbá Oníṣọ̀nà gbà lórí ìrókò. Lórí MDF, ẹ forí jì mí, sà, sílà tí a bá kùn ṣáájú fínfín kò ní ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

MDF kò rí bákan náà láti òkè dé ilẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì le, wọ́n sì ki, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ rọ̀ jù wọ́n lọ. Nígbà tí bíìtì bá ti gba ojú líle yẹn kọjá, inú rírọ̀ ni ó ń wà, ibẹ̀ ni irun ti ń hù, sílà orí kò sì dé ibẹ̀. Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fín ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì: ní ìgbà àkọ́kọ́ kí ó ṣẹ́ mìlímítà 0.3 kù, ní ìgbà kejì kí ó wá mú ìyókù. Ìgbà kejì yẹn, ohun díẹ̀ ni ó ń gé, yóò fá ọ̀pọ̀ irun náà lọ.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ po sílà pẹ̀lú tíńnà kí ó ṣàn dáadáa, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún sínú ìlà. Ẹ má lo ohunkóhun tó ní omi nínú fún ìkùn àkọ́kọ́ yìí, torí omi ni ó ń jí irun dìde. Irun tó bá kù yóò gan nínú sílà, ohun tí a sì ń fẹ́ nìyẹn: bí ó bá ti gan, ẹ ká sáńpépà 320 sí méjì, kí ẹ fi etí rẹ̀ tó mú gba inú ìlà kọjá lẹ́ẹ̀kan péré. Yóò ṣẹ́ kúrò. Ẹ̀gbọ́n Mọ́níyà, ohun tí ó ń họ yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀dà kì í ṣe àléébù ọ̀dà. Irun tó yẹ kí ẹ gé lẹ́yìn sílà ni ẹ jẹ́ kí ó wọ inú ọ̀dà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn ju nínípọn lẹ́ẹ̀kan lọ. Ọ̀dà nínípọn máa ń ṣàn lọ bá ìsàlẹ̀ V, yóò kún un, ọnà mímú tí ẹ fi ẹ̀rọ olówó ńlá fín yóò wá dà bí èyí tí a fi ìka tẹ̀ sínú amọ̀. Ẹ sì kun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ní iye ìgbà kan náà. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lásán, ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa mu ọ̀rinrin ilé ìdáná, ilẹ̀kùn yóò sì tẹ̀. Bí ẹ bá rí HDF rà fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ó ki jù MDF lọ, irun rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ra ìdè ilẹ̀kùn.

Káfíńtà Mọ́níyà:

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, bàbá. Ìrókò náà ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti ọdún tó kọjá, mo tò ó lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀, nítorí náà ó gbẹ. Òkè àárín ìlà tí ẹ ní kí n wọ̀n, sà, mìlímítà 1.2 ni mo bá níbẹ̀. Mo ti ń tún ọnà náà yà.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ti délẹ̀ o. Oníbàárà mi ti rí àwòrán kan lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ òdòdó tó yọ síta ní àárín ilẹ̀kùn ìrókò méjèèjì, kí ewé rẹ̀ máa ká bọ̀ wálẹ̀ bí ewé gidi. Mélòó ni kí n gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ ẹ̀rọ mi tilẹ̀ lè ṣe é?

Ẹlẹ́rọ Ìkòròdú:

Ẹ̀rọ yín lè ṣe é, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ tà fún un. Ọnà yíyọ síta kò dà bí ìlà V. Bíìtì olórí róbótó ni yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ lórí gbogbo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń fi gígẹ́ gé koríko pápá. Bí ẹ bá ní kí ó ṣe odindi àyè tó gùn ní 600 tó sì fẹ̀ ní 400, pẹ̀lú bíìtì oní-mìlímítà 6, tí ìgbésẹ̀ àárín ìlọ kan sí èkejì jẹ́ 0.6, ọ̀nà tí bíìtì yóò rìn jẹ́ mítà 400. Bí ó bá ń rìn ní 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 13 nìyẹn fún ilẹ̀kùn kan, láìka gígé tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú bíìtì ńlá mọ́ ọn. Epo jẹnẹrétọ̀ ń kọ́?

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi òdòdó náà mọ sí àyè 250 sí 250, tí ẹ fi ìlà V ṣe gbogbo ìyókù, ìṣẹ́jú 35 ni yóò gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti dín ìgbésẹ̀ náà kù sí 0.3 kí ó lè dán sí i. Ní 0.6, òkè kéékèèké tí bíìtì ń fi sílẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 0.015, ojú kò lè rí i lórí ìrókò. Ẹ ó kàn sọ àkókò di ìlọ́po méjì lásán ni.

Ọmọ Oníṣọ̀nà:

Ewé tó ká bọ̀ wálẹ̀ yẹn ni kí ẹ bá oníbàárà yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Òkè nìkan ni bíìtì yín ti ń wá, kò lè wọ abẹ́ ewé. Ohun tí ẹ̀rọ yín yóò ṣe ni ewé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gbọnrangandan bí ògiri, láìsí ihò lábẹ́.

Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ìlú Ìkẹ́rẹ́, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní London ní 1924, tó sì wà ní British Museum títí di òní. Àwọn ère orí rẹ̀ yọ síta kúrò lára pákó gidigidi, ọ̀bẹ sì ti wọ ẹ̀yìn wọn. Ilẹ̀ ibi tí wọ́n dúró lé sì kún fún ọnà wẹ́wẹ́ tí kò yọ síta rárá. Bí a bá fẹ́ pín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ lónìí, ọnà wẹ́wẹ́ ilẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ lè ṣe parí. Ti ère, ọnà lílé àti àlétúnlé ni kí ẹ jẹ́ kí ó ṣe fún yín.

Nítorí náà, kí ẹ̀rọ gbẹ́ òdòdó náà dé ibi tó lè gbẹ́ ẹ dé, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu wíwọ́ ti abẹ́ ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà tó wà níwájú wọlé fúnra yín, ní bí ìdajì ìka. Òjìji yóò bọ́ sábẹ́ wọn, ojú yóò sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ló ká. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ẹ kà á mọ́ owó.

Káfíńtà Mọ́níyà:

Mo ti sọ fún oníbàárà mi, ó fara mọ́ òdòdó 250, ó sì ti san ti wákàtí ọ̀bẹ náà lọ́tọ̀. Mo sọ ti ilẹ̀kùn mẹ́rin tó bàjẹ́ fún un pẹ̀lú; ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ń ṣe kàyéfì ìdí tí mi ò fi gbé fóònù òun.

MDF mẹ́wàá ti jáde, ìlà wọn dọ́gba, mo fi ìka gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́yìn sílà, kò họ mí. Òkè àárín ọnà ìrókò ti di 3 ní ìdábùú, ègé tí mo fi dán an wò lánàá kò ṣẹ́ níbì kankan àfi igun kan tí mo fi sukúrúù mú jù. Àwọn ilẹ̀kùn mẹ́rin àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ni mo ń gé wẹ́wẹ́ fi dán bíìtì wò kí n tó gbé pákó tuntun sórí tábìlì. Ó ku ẹyọ kan àti ààbọ̀.